Ẹ̀jẹ́ Bàbá Mi, Ọtí Tèmi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n tó wọlé, mo máa ń dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta àdúgbò wa ní Èjìgbò, kí n ra súìtì míǹtì tó ń mú ẹnu tutù. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń jẹ ẹ́ tán. Èmi àgbàlagbà, ìyá ọlọ́mọ, tí àwọn tó wà lábẹ́ mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ń pè ní Màdáámú, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, màá máa run súìtì lẹ́nu bí ọmọ iléèwé tó jí ẹran jẹ nínú ọbẹ̀. Tí mo bá mí sí àtẹ́lẹwọ́ mi, tí mi ò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́, màá wá wọlé lọ kí bàbá mi.

Ẹ má rò ó kọjá bó ṣe mọ. Bíà ni. Gíláàsì kan, nígbà mìíràn méjì, tí èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń mu ní ilé iṣẹ́ ọtí kékeré kan ní Ìsọlọ̀. Ọkọ mi mọ̀. Òun gan-an ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Pásítọ̀ wa ò mọ̀, àmọ́ Pásítọ̀ kì í gbé ilé wa. Bàbá mi ló ń gbé ilé wa, ọ̀rọ̀ ọtí sì ti wà láàárín èmi àti òun láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mi ò tíì lè rìn nígbà tí gìrì gbé mi ní Èkìtì, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, ara mi ti le gbagidi, ojú mi ti yí, nọ́ọ̀sì sì ti ń wo màmá mi bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Bàbá mi jáde síta, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sẹ́yìn ọsibítù. Ó ní, Olúwa, bí ọmọ yìí bá yè é, ọtí ò ní kan ètè mi mọ́ títí n ó fi kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo bú sẹ́kún, mo sì mu ọmú. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò fẹnu kan ọtí mọ́.

Ká ní ẹni tí kò ka ọtí sí ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọ̀hún ni, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi fẹ́ràn ẹmu. Màmá mi máa ń sọ pé bí iléèwé bá ti parí, adẹ́mu á gbé kèrègbè rẹ̀ wá sí iwájú ilé wa, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ bàbá mi á ti to àga sábẹ́ igi ọsàn, ẹ̀rín wọn á sì máa bá òun nídìí ààrò. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa tí àwọn àgbà kì í fi ṣeré. Ẹni tó ni ilé, tó gbé ẹmu fún àlejò, òun ni yóò kọ́kọ́ bu díẹ̀, tí yóò tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé inú rẹ̀ mọ́ sí wọn. Bí onílé ò bá tọ́ ọ wò, àlejò á kàn gbé ife dání ni, kò ní mu.

Bàbá mi tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ò lè tọ́ nǹkan kan wò mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá, wọ́n ń jẹ ọsàn, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń ṣe sùúrù. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ilé tíṣà mìíràn. Wọn ò bá a jà o, wọ́n ṣì ń kí i tayọ̀tayọ̀ lójú ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, kò sí àga kankan lábẹ́ igi ọsàn mọ́, àfi ti bàbá mi pẹ̀lú rédíò rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ ìbí mi ni màmá mi máa ń jẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á pè mí síwájú, á ní, ẹ wò ó, ọmọ tí bàbá rẹ̀ tìtorí rẹ̀ fi ẹmu sílẹ̀. Àwọn ìyá á ké halelúyà, wọ́n á máa wò mí bíi pé èmi ni mo ṣe nǹkan ribiribi. Inú á máa bí mi, mi ò sì lè sọ ọ́. Ọmọ mélòó lẹ mọ̀ tí wọ́n máa ń mú dúró lọ́dọọdún, tí wọ́n á máa sọ fún un níwájú ìjọ pé ìdùnnú bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á padà? Bí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́, àga kan ṣoṣo yẹn ni èmi máa ń rí.

Nígbà tí màmá mi kú, a mú bàbá wá sí Èkó. Kò bá wa jiyàn. Ó jókòó sójú fèrèsé yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí títí di òní. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní, "Èyí tí ẹ bá ti sè náà ni." Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ wò lórí tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Èyí tí àwọn ọmọ bá ń wò." Mo ra fìlà kan fún un ní ọjà Bọ́ládé lọ́jọ́ kan tí mo gba Òṣòdì kọjá, fìlà tó wuyì. Ó dúpẹ́, ó fi kọ́ ìṣó, kò dé e. Mo máa ń rò ó pé bóyá bí ènìyàn bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀, kì í mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan mọ́.

Ọjọ́ tí mo mú un lọ wo dókítà ojú ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìsọlọ̀ ni kẹ̀kẹ́ márúwá wa gbà padà, a sì kan ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, nítòsí ilé iṣẹ́ ọtí yẹn gan-an. Wọ́n ń se nǹkan lọ́jọ́ náà. Òórùn ọ̀hún kún gbogbo ojú títì. Bàbá mi tó ti ń tòògbé gbé orí sókè.

"Ọkà bàbà ni wọ́n ń sè yẹn," ó ní. "Ọkà tó ti hù, tí wọ́n wá sá."

Mo ní, "Bóyá ilé búrẹ́dì ni, Bàbá."

"Ìyẹn kì í ṣe búrẹ́dì."

Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ dá sí i, ta ló bẹ̀ ẹ́? Ó ní, "Daddy, bíà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ o! Àwọn fúnra wọn ló ń pò ó, kì í ṣe ti company ńlá. Tó bá di Sátidé, wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn wọlé wá wò ó, free."

Bàbá mi tún fa òórùn náà símú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí èmi náà wò ó?"

Sáyẹ́ǹsì ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Èkìtì. Ó ní òun máa ń fi ìgò àti ìwúkàrà ṣe àlàyé fún wọn bí ṣúgà ṣe ń di ọtí, àmọ́ òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní ńlá rí. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó wà ní Èkó, ibi tí mo ń sá pa mọ́ sí gan-an ló béèrè.

Mo gbìyànjú. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo ní mò ń fọ aṣọ. Ní èkejì, mo ní òtútù ń mú mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jáde sí pálọ̀, mo bá bàbá mi níbẹ̀ tó ti múra, ó ti wọ bàtà, ó sì dé fìlà Bọ́ládé. Ó kàn jókòó, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó ń dúró dè mí. Ojú tì mí títí dé inú egungun. Mo lọ múra.

Mo gbàdúrà lójú ọ̀nà, ẹ sì wo àdúrà ọ̀hún. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọbìnrin tó máa ń fa ọtí sí gíláàsì fún wa níbẹ̀, tó mọ̀ mí dáadáa, wá síbi iṣẹ́ lónìí.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé ni wọ́n sọ di ilé ọtí. Ọkùnrin tó ń pò ó, ará Oǹdó, wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Bó ṣe rí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ojú rẹ̀ bọ́ sára mi, ó sì fẹ́ yọ ẹ̀rín. Mo yára ṣẹ́jú sí i. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọmọlúàbí ni. Ó kí mi bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Ẹ rọra o, sà," ó ní. "Ilẹ̀ ń yọ̀."

Ó mú wa yí ká. Ó fi àpò ọkà bàbà hàn wá, ó fi èyí tí wọ́n rẹ sómi hàn wá, àti èyí tó ti yọ irun funfun wínníwínní, tí wọ́n máa sá, tí wọ́n máa lọ̀, tí wọ́n máa wá sè. Bàbá mi ń bi í ní ìbéèrè, ó ń fọwọ́ kan nǹkan, ó ń gbé ọkà kan sẹ́nu, ó ń fi eyín iwájú fọ́ ọ. Nígbà tí a dé ìdí àwọn táńkì ńlá tó ń dán, níbi tí ọtí ti ń hó fúnra rẹ̀, ọkùnrin náà ní kí bàbá gbé etí sí i. Páìpù rọ́bà kan jáde láti ara táńkì náà wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, omi ọ̀hún sì ń hó pọ̀, pọ̀, pọ̀.

"Ó ń mí," bàbá mi ní. Ó wá rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Mo yí ojú sí ibòmíràn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí mo ti ń wá síbẹ̀, mi ò gbé etí sí táńkì yẹn rí. Gíláàsì nìkan ni mo mọ̀.

Ó yẹ ká padà sílé látibẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń sọ pé oòrùn ti mú. Àmọ́ ọkùnrin ará Oǹdó ní kí bàbá kọ́kọ́ wá jókòó nínú yàrá ìmutí, kí ẹsẹ̀ wọn sinmi, kí wọ́n mu omi tútù. Yàrá fífẹ̀ kan ni, tábìlì gbọọrọ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọtí sì yọrí jáde lára ògiri ní tòtòtò. Ọmọbìnrin ọ̀hún wà lẹ́yìn káńtà. Ẹ̀rín ti dé etí rẹ̀ kí n tó kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí Fúráídè!" ó pariwo. "Ẹ tún wá ní Sátidé? Ọtí yìí mà ti wọ̀ yín lára o! Ṣé ti yín náà ni kí n fà?"

Kí n tó lanu, ó ti ń fà á. Ó gbé e wá, ó gbé omi wá fún bàbá mi, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé Daddy Àǹtí nìyí?" Ó wá bá tirẹ̀ lọ. Gíláàsì náà wà láàárín èmi àti bàbá mi, ìfófòó rẹ̀ ń rọra wálẹ̀.

"Wọ́n mọ̀ ẹ́ níbí," bàbá mi ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo ní àwọn ará ọ́fíìsì ni, mo ní kì í ṣe gbogbo ìgbà, mo ní ìgbà mìíràn ìpàdé ni. Ó gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́.

Ó fa gíláàsì náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé ó ti dá a lágara, pé ó fẹ́ já ẹ̀jẹ́ náà lójú mi, pé èmi ni mo sì fà á. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ó gbé e dé imú, ó di ojú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá a padà síwájú mi.

"Mu ún."

"Bàbá, mi ò lè mu ọtí níwájú yín."

"Mo ní kí o mu ún. Bá mi tọ́ ọ wò."

Mo mu ún. Díẹ̀ dà sí mi lára. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo purọ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe fún un. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ti òde ìnáwó dé, tó wá ń sọ fún ọmọ tí kò mú lọ pé ẹran tibẹ̀ ò tilẹ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo fajú ro, mo ní, "Kò dùn, Bàbá. Ó kàn korò ni. Asán ni gbogbo rẹ̀, mi ò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń rí níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Asán," ó ní. Ó tún un sọ. "Ṣé asán ni mo wá fún Ọlọ́run lọ́jọ́ náà?"

Ó fi ìka tẹ fìlà náà mọ́ tábìlì.

"Mo wà lórí òkúta yẹn, mò ń wá ohun tí mo ní tó tóbi tó láti fi bẹ̀bẹ̀. Mi ò lówó, mi ò nílẹ̀. Ẹmu yẹn ni, àti àwọn tí a jọ ń mu ún. Mo ní, gba èyí, fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ ohun tí kò dùn ni, kí ni mo wá fi sílẹ̀ nítorí rẹ?" Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kó dùn mí jù. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí lẹ́nu. Òórùn rẹ̀ nìkan ló kù sí mi lórí. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí o sọ ọ́ fún mi, o ń tàn mí bí ọmọdé."

Mo gbé gíláàsì náà. Mi ò yára gbé e mì lọ́tẹ̀ yìí. Mo jẹ́ kó dúró lẹ́nu mi, mo wá bó ṣe rí gan-an bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Ó dùn, Bàbá," mo ní, omi sì ti ń bọ́ lójú mi. "Ó dùn gan-an. Ó kọ́kọ́ tutù, ó wá ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé délẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá mọ ọkà yẹn lára, bí ojú ibi tó jóná lára àgbàdo sísun. Ó máa ń korò níkẹyìn, nígbà tó bá ń lọ sọ́nà ọ̀fun, àmọ́ kíkorò yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó tún wuni láti gbé e."

Bàbá mi di ojú. Ó ń mi orí, ó ń jẹ ẹnu rẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló la ojú kan.

"Níbo lo ti mọ bí ẹmu àárọ̀ ṣe máa ń rí?"

Mo wo ilẹ̀. Ó yọ ẹ̀rín díẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Ọkùnrin ará Oǹdó wá wò wá bóyá a ti sinmi. Bàbá mi ní kó jókòó. Ó ní kí ọmọbìnrin yẹn gbé jọ́ọ̀gì kan àti ife wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọtí fún ọkùnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, ìfófòó ò sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e dání. Kò mu ún. Ó ń wo bàbá mi. Ilé tó dára ló ti jáde, ó ń dúró de onílé kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Mo rí i lójú bàbá mi pé ó mọ ìdúró yẹn. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ló lé gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ igi ọsàn.

"Ọmọ mi ni yóò bá mi tọ́ ọ wò," ó ní.

Mo bu díẹ̀ láti inú jọ́ọ̀gì kan náà, mo mu ún lójú àwọn méjèèjì. Ọkùnrin ará Oǹdó tẹ orí ba fún bàbá mi, òun náà sì mu. Bàbá mi fi ẹ̀yìn ti àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ìlú rẹ̀, ìdílé rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n jókòó títí, mo sì ń tọ́ ọ wò ní gbogbo ìgbà tó bá bu òmíràn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ní, "Ó yá, jẹ́ á lọ sí ulé." Ulé ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Èkìtì.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń dá ara mi láre. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti tán báyìí, kò sí ohun tí mo tún ń fi pa mọ́ fún un, mo lè sùn. A dé ìkóríta, kẹ̀kẹ́ dúró, a sọ̀kalẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì rí mi.

"Àǹtí, ẹ ò ní gba súìtì yín lónìí ni?" Ó ti mú un dání.

Bàbá mi na ọwọ́, ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bó ọ̀kan, ó jù ú sẹ́nu. A ń lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń run ún.

"Èyí lo fi ń bò ó mọ́lẹ̀," ó ní.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni."

"Ṣé èmi ni mi ò ní mọ òórùn ọtí? Láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ tí mo dé ilé yín ni mo ti ń gbọ́ ọ." Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi kó lè fo ibi tí omi dúró sí. "Mo kàn rò pé o ò fẹ́ kí n bá ẹ lọ ni."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi wọlé.